Súfèé Tí Elétí-Ehoro Kò Gbọ́

Ní ọgbà mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn ilé epo, kò sí ẹni tó ń fi orúkọ àbísọ pe ọkùnrin náà. Elétí-Ehoro ni tọmọdé tàgbà ń pè é, ó sì ti ń jẹ́ orúkọ yẹn pẹ́ débi pé bí ẹnì kan bá fi èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é lójú títì, ó lè kọjá lọ láì wẹ̀yìn. Etí rẹ̀ ló fi gba ìnagijẹ náà. Bí àwọn mẹkáníìkì yòókù bá tú ẹ́ńjìnnì kan palẹ̀ tí wọn ò rí ohun tó ń dún nínú rẹ̀, wọn á ránṣẹ́ sí i. Á nu ọwọ́ rẹ̀, á ní kí wọ́n ṣíná ọkọ̀ náà, á dijú, á wá fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí adìyẹ tó fura sí àṣá. Tó bá ṣe díẹ̀, á ní, "Béárínì ẹ̀yìn fáànù ni. Ẹ má wulẹ̀ tú ibòmíràn." Wọ́n á yọ béárínì ẹ̀yìn fáànù, wọ́n á sì bá a tó ti jẹ tán.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Etí yẹn ló fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta, òun náà ló fi rán ọmọ méjì níléèwé. Kódà, ọjọ́ tó lọ sílé àna rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ọkọ̀ bàbá ìyàwó ń húkọ́ bí arúgbó tí ikọ́ mú, ó gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ ẹ̀wù, ó tún un ṣe. Bàbá náà ní òun ò ní ìbéèrè kankan mọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ní ọgbà náà ni pé etí ọ̀hún ti ń jó àjórẹ̀yìn.

Kò ṣẹlẹ̀ lóòjọ́. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn ló ṣàkíyèsí pé àwọn ẹyẹ tó máa ń ké lórí òrùlé rẹ̀ láàárọ̀ ti ṣí lọ. Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wò ó lójú, ó ní, "Bàbá wọn, ẹyẹ wo ló ṣí lọ? Àwọn tó ń pariwo lé wa lórí báyìí ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwàdà lòún ń ṣe. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣàwàdà.

Ohùn ńlá ń wọlé sí i létí dáadáa. Ohùn ọkùnrin, ìlù òòlù lórí irin, bíbú ẹ́ńjìnnì, gbogbo ìyẹn ń wọlé. Ohùn tín-ínrín ló ń sá fún un: fóònù tó ń dún nínú àpò, omi tó ń hó lórí iná, ọ̀rọ̀ obìnrin láti yàrá kejì. Ní ọjọ́ kan ìyàwó rẹ̀ ké láti ilé ìdáná pé, "Ata ti tán o!" Ó dáhùn láti pálọ̀ pé, "Ara ta ni kò yá?" Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu omijé náà tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ jẹ́ ká lọ fi etí yẹn han dókítà."

"Kò sí ohun tó ṣe etí mi. Ìwọ lo ń sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò."

Ẹ̀rù ló ń bà á. Ta ló máa gbé ọkọ̀ wá fún Elétí-Ehoro tí kò gbọ́ràn? Kò yàtọ̀ sí akọ̀wé tí kò mọ̀wé kà. Nítorí náà ó ń dọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá pè é sídìí ẹ́ńjìnnì, á dijú bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n á tún fi ọwọ́ kan irin, á fi ìka tẹ́tí sí i, ìrírí á sì bá a parí èyí tó kù. Ó máa ń mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀mẹsàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀kan tó kù yẹn ni kì í jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan.

Obìnrin ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ni nọ́ọ̀sì náà, ọlọ́rọ̀ kúkurú, tí kì í jókòó tí wọ́n bá gbé àga fún un. Ọkọ̀ rẹ̀ ti pé ọdún mọ́kàndínlógún, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣá lórí, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára, nítorí dísẹ́lì ló ń mu, ó sì ní tọ́bò. Tọ́bò yìí ni ẹ̀rọ kékeré tó ká bí ìkarahun ìgbín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Èéfín tó ń jáde lọ sí sàlẹ́ńsà ló ń yí i, òun náà á sì máa ki afẹ́fẹ́ bọ ẹ́ńjìnnì lọ́fun, kí ọkọ̀ kékeré lè ní agbára ọkọ̀ ńlá. Agbára yẹn ṣe pàtàkì fún nọ́ọ̀sì. Àwọn abúlé tó ń tọ́jú wà ní ìsàlẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá sì wà lórí òkè. Bí ìrọbí obìnrin kan bá le, ọkọ̀ yẹn ló ń gbé e gòkè.

"Ọ̀gá," ni nọ́ọ̀sì wí, "kò fẹ́ gòkè mọ́. Bí mo bá tẹ tọ́tù, kò lọ, èéfín dúdú lásán ló ń tú sẹ́yìn. Lánàá, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi fọn fèrè lé mi lórí títí."

Elétí-Ehoro ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí nọ́ọ̀sì tẹ tọ́tù. Ó dijú, ó fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń retí súfèé tọ́bò, ohùn tín-ínrín yẹn tó máa ń gòkè bí agbára ọkọ̀ ṣe ń gòkè, tó sì máa ń yí padà bí nǹkan bá ti bàjẹ́. Ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń bú. Ó gbọ́ fáànù. Kò gbọ́ nǹkan mìíràn.

Níbẹ̀ gan-an ló ti ṣàṣìṣe. Ó fi àìgbọ́ ṣe ẹ̀rí. Ó ní, "Tọ́bò yín le koko. Fílítà afẹ́fẹ́ ló dí." Ó yọ fílítà náà, lóòótọ́ ló dúdú bí àkísà ọgbà. Ó fi tuntun sí i, nọ́ọ̀sì dúpẹ́, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Elétí-Ehoro ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń sọ nǹkan mìíràn fún un. Ó mọ̀ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ náà padà wọ ọgbà. Ó ń rìn bí ẹni tó gbé ẹrù àpò sìmẹ́ǹtì. Èéfín tó ń tú pọ̀ débi pé Ìyá Onítáyà, ìyá àgbà tó ń lẹ táyà ní ẹnu ọ̀nà, fi gèlè bo imú. Nọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀. Aṣọ funfun rẹ̀ ní àbàwọ́n tí kò tíì fọ̀ kúrò. Kò pariwo. Ìyẹn ló kọ́kọ́ já Elétí-Ehoro láyà.

"Ọ̀gá, mo gbé aláboyún kan gòkè lánàá lọ́sàn-án. Oyún àkọ́kọ́. Ká tó dé àárín òkè, ọkọ̀ ti wà ní gíà kìíní, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ń kọjá wa lọ. Ó wá dúró. Ẹ̀bá ọ̀nà ló bímọ sí, lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ìwọ́ yí ọmọ lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì."

Elétí-Ehoro sún mọ́ ọn. "Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ké. Ó pẹ́ kó tó ké, ṣùgbọ́n ó ké. Obìnrin mìíràn wà lábúlé tí ọmọ rẹ̀ jókòó nínú, ìdí ló máa fi jáde. Kò ṣeé gbẹ̀bí rẹ̀ lábúlé. Ọjọ́ rẹ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti lọ sí ìlú kejì, kò ní dé títí di ọjọ́ Ajé. Ọkọ̀ mi yìí nìkan ló kù." Ó wá wo ojú ọkùnrin náà tààrà. "Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́ ọkọ̀ yìí dáadáa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

Ìbéèrè náà gún un bí abẹ́rẹ́. Ó ní, "Mo gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n tún un gbọ́."

Mẹkáníìkì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kíákíá, nítorí kò sí iṣẹ́ tí kì í fẹ́ parí kí oòrùn tó kan àtàrí. Kíákíá wo èéfín náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Tọ́bò ti kú. Ẹ yọ ọ́, ẹ ra òmíràn. Ọ̀rọ̀ ti tán."

Elétí-Ehoro dúró síbẹ̀ pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n. Bó bá gbà pé tọ́bò ti kú láàárín ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí ọjọ́ Ẹtì, kò sí ẹni tó máa bi í léèrè nípa etí. Tọ́bò tó ti gbó lè kú nígbàkígbà. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe tọ́bò, tuntun náà á tú èéfín bí ti àtijọ́, obìnrin tí ọmọ rẹ̀ jókòó nínú yẹn á sì há sí àárín òkè. Bó bá sì jẹ́ pé tọ́bò náà ni, tó ń da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì, èyí tún burú jù. Ó ti rí irú rẹ̀ rí nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì tó bá ti rí ọ́ìlì ara rẹ̀ mu kì í gbọ́ràn sí kọ́kọ́rọ́ mọ́. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ ọjọ́ náà, ẹ́ńjìnnì ò kú, ó ń ké sókè sí i, gbogbo wọn sá jáde ní ṣọ́ọ̀bù, títí ó fi bẹ́ sí méjì. Ìró yẹn wà lára àwọn ohun tí kò tíì gbàgbé. Kó wá jẹ́ pé nọ́ọ̀sì àti aláboyún ló wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Kíákíá, fi mí sílẹ̀ ná. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀."

Ó mú aṣọ funfun tó mọ́, ó fi dí ẹnu sàlẹ́ńsà díẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì ń tẹ tọ́tù, ó sì tẹ́ aṣọ náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n jọ wò ó. Dúdú ni, ó gbẹ, ó dà bí ẹ̀yìn ìkòkò. Ó fi àtàǹpàkò ra á, kò yọ̀.

"Ẹ wò ó, Nọ́ọ̀sì. Èéfín ò ṣeé bò mọ́lẹ̀, kálukú ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Tó bá funfun tó sì ń rùn dídùn, omi rádíétọ̀ ló ń jó. Tó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó. Èyí dúdú, ó sì gbẹ. Epo pọ̀, afẹ́fẹ́ ò tó. Ẹ́ńjìnnì ń jẹun, kò rí èémí mí."

"Bí ọmọ tí oúnjẹ há sí lọ́fun," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

Ó fa géèjì ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì pé. Ó tú ọ̀pá tó wọ tọ́bò, ó ki ìka méjì bọ inú rẹ̀, ó sì mi ọ̀pá àárín rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ó mì díẹ̀, bí eyín ọmọdé tí kò tíì fẹ́ yọ. Kò burú. Àwọn abẹ̀bẹ̀ kéékèèké inú rẹ̀ pé, kò sí èyí tó há, kò sí èyí tó fi ara gbo ògiri. Ó mí kanlẹ̀. Tọ́bò yè. Afẹ́fẹ́ ń jáde níbẹ̀ dáadáa, kò kàn dé ibi tó ń lọ. Láàárín tọ́bò àti ẹ́ńjìnnì, ọ̀nà gígùn kan wà: rọ́bà nípọn kan gba abẹ́ lọ sí rádíétọ̀ kékeré tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù, òmíràn tún gba òkè padà. Níbì kan lójú ọ̀nà yẹn, olè ń jí afẹ́fẹ́.

Ó na ọwọ́ sí gbogbo rọ́bà náà. Kò rí ihò. Ó tẹ kílíìpù kọ̀ọ̀kan wò, gbogbo wọn le. Ó tún ní kí nọ́ọ̀sì tẹ tọ́tù, ó tẹ́tí, ó tẹ́tí, kò sí nǹkan kan. Lójú kan, ọkọ̀ kò ní ẹrù tó ń fà, tọ́bò kì í sì í fi gbogbo agbára fẹ́. Ó ní láti gbọ́ ọ lójú òkè.

Wọ́n wọ ọkọ̀. Elétí-Ehoro ló wà á, nọ́ọ̀sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n yí gíláàsì sílẹ̀ tán. Nígbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dagun, ó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà gbọ̀n, ó fẹ́ lọ, kò lọ. Ó ń wo dígí, ó rí i tí ìkùukùu dúdú ń tẹ̀ lé wọn. Ó na ọrùn sójú fèrèsé bí ẹni tó fẹ́ já bọ́. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì, ìyẹn gan-an ló ń gbọ́ jù.

"Ẹ̀n-ẹ́n!" ni nọ́ọ̀sì ké. "Súfèé yẹn! Bí ẹni tó ń pọ̀ṣẹ́ gígùn. Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ?"

"Mo ń gbọ́ ọ," ni Elétí-Ehoro dáhùn kíá.

"Ọwọ́ wo lẹ rò pé ó ti ń wá?"

Ó gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ó dijú ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ní, "Ọ̀tún. Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń dún yẹn, ọ̀tún ni."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí i. Ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ọ̀gá, ó ti dákẹ́. Bí ẹ ṣe gbé ẹsẹ̀ kúrò ló dákẹ́."

Ọkùnrin náà pa ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà. Ó di ẹ̀rọ ìdarí mú bí ẹni pé ọkọ̀ ṣì ń lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, gbogbo ara wọn mì. Kò mọ ibi tí òun á gbé ojú sí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, omi sì ń kó sí i lójú nítorí súfèé.

"Mi ò gbọ́ ọ," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò gbọ́ ọ lónìí, mi ò gbọ́ ọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti tó ọdún méjì. Àwọn ohùn tín-ínrín ti lọ. Mo parọ́ fún yín, ọmọ yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ọwọ́ mi lọ."

Ó ń retí kí nọ́ọ̀sì bínú. Nọ́ọ̀sì bínú lóòótọ́. Ó ní, "Ẹ ò bá ti sọ. Ǹjẹ́ ẹ mọ iye obìnrin tó ń sọ fún mi pé kò sí nǹkan tó ń ṣe wọn, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára wọn? Ìtìjú! Ìtìjú ló ń pa èèyàn ju ibà lọ." Ó nawọ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Apá òsì. Níwájú, nísàlẹ̀. Mi ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, atẹ́gùn pọ̀. Ṣé ẹ lè fi ìyẹn ṣe nǹkan?"

Ó ronú. Bí òun ò bá lè gbọ́ ọ, òun lè rí i. Bí òun ò bá rí i, òun lè fọwọ́ kàn án. Ṣé kì í ṣe atẹ́gùn ni?

Wọ́n padà sí ọgbà. Ó lọ bá Ìyá Onítáyà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi fẹ́ atẹ́gùn sínú ọkọ̀ kan."

"Táyà wo ló jò?"

"Kì í ṣe táyà. Ẹ́ńjìnnì ni."

Ìyá Onítáyà wò ó látòkè délẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń fẹ́ táyà, mi ò tíì fẹ́ ẹ́ńjìnnì rí. Tó bá bẹ́, má pè mí o." Ṣùgbọ́n ó ti ń fa okùn ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀.

Elétí-Ehoro gé ìdérí agolo ọ̀dà kan ní òṣùwọ̀n ẹnu ọ̀pá tó wọ tọ́bò, ó lu ihò sí àárín rẹ̀, Ìyá Onítáyà sì bá a so imú táyà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé mọ́ ọn. Wọ́n fi rọ́bà táyà àlòkù wé e ká, wọ́n fi kílíìpù dè é pa. Ó fi òmíràn tí kò nímú dí ìpẹ̀kun ọ̀nà náà níbi tó ti wọ ẹ́ńjìnnì. Ó kìlọ̀ pé kí atẹ́gùn má pọ̀ o, ìdajì ìdajì ti táyà, kí àwọn má lọ ba ohun tó ṣì dára jẹ́. Ó po ọṣẹ sínú omi nínú ike kan, ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun gbogbo rọ́bà náà, òkè, ẹ̀gbẹ́, orí kílíìpù. Àwọn mẹ́ta náà tẹríba sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń wo inú kànga.

Kò sí nǹkan.

Ìfófó kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílíìpù kan. Ó mú un le, ìfófó náà dáwọ́ dúró. Ìyẹn ò tó. Ìyẹn ò lè dá ọkọ̀ dúró lórí òkè. Kíákíá dé, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n. Elétí-Ehoro tún fi búrọ́ọ̀ṣì kun rọ́bà náà. Bí kò bá rí i níbí yìí ńkọ́? Bó bá jẹ́ ibi tí kò mọ̀ ló wà ńkọ́? Ó ti fẹ́ sọ fún Ìyá Onítáyà pé kó dáwọ́ dúró kó tó rántí ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Òsì. Níwájú, nísàlẹ̀.

Ó dùbúlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó ki ọwọ́ tó tutù fún omi ọṣẹ náà sókè, sí abẹ́ rọ́bà tó wọ rádíétọ̀ kékeré, níbi tó ti tẹ̀ kọrọdọ tí ojú ò lè dé. Ó rọra ń fa ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ lọ. Lójijì, òtútù kan fẹ́ lu awọ ara rẹ̀, tín-ínrín bí èémí ọmọ tuntun. Ó dúró. Ó dá ọwọ́ padà. Òtútù náà wà níbẹ̀.

"Ẹ fẹ́ ẹ sí i!" ló kígbe. "Díẹ̀ sí i!"

Ìfófó funfun ya jáde lábẹ́ rọ́bà náà, ó ń pọ̀, ó ń kán sí i lójú, ọṣẹ ń ta á, kò sì yẹjú.

Nígbà tí wọ́n tú rọ́bà náà sílẹ̀, gbogbo wọn rí i. Ọ́ìlì tó máa ń rọra fín jáde lára tọ́bò ti rin ín láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ó ti rọ̀ bí awọ tó jẹrà. Ó ya ní gígùn ìka kan. Bí a bá gbé e lọ́wọ́, ojú ọgbẹ́ náà pa dé bí ètè ẹni tó ń bínú, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ inú rẹ̀ nìkan ló ń la ẹnu.

Kíákíá gbà á, ó tẹ̀ ẹ́, ó ń là, ó ń padé. "Hmm," ló wí. "Èmi ì bá ti yọ tọ́bò."

"Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí o yọ ọ́," ni Elétí-Ehoro dá a lóhùn.

Ó rí rọ́bà tuntun ní ìsọ̀ kejì kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó so ó, ó tún fi omi ọṣẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pààrọ̀ rọ́bà òkè náà, nítorí bàbá àti ọmọ ni wọ́n, bí ọ̀kan bá ti gbó, èkejì ò ní pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ọ̀nà òkè pọ̀n. Ó ní kí nọ́ọ̀sì wà á fúnra rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òkè, ìkùukùu èéfín dúdú kan jáde bí ìgbà tí èèyàn bá ti ikọ́ tó há sí i láyà síta, lẹ́yìn náà ó mọ́. Gíà kẹta ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ti bí ọmọ náà. Nọ́ọ̀sì ò dúró, kò sì wo ibẹ̀. Elétí-Ehoro ló wò ó: koríko díẹ̀, òkúta, páálí òfìfo kan tí atẹ́gùn ń gbá kiri. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ títí wọ́n fi rí géètì ilé ìwòsàn.

Kò balẹ̀ lọ́jọ́ kejì náà. Bí fóònù bá ti mì nínú àpò rẹ̀, á fò dìde. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni nọ́ọ̀sì pè é. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé fóònù náà, nítorí òun kì í gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì dáadáa lórí fóònù, ó sì ń wo ẹnu ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

"Ó ní àwọn ti dé òkè. Ó ní wọ́n ti gbé obìnrin náà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ." Ìyàwó rẹ̀ tẹ́tí sí i. "Ó ní kí ẹ má pè é, òun ló máa pè."

Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó. Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀. Nígbà tí fóònù náà dún lẹ́ẹ̀kejì, ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ, ó ní "Ẹn," ó ní "Ẹn-ẹn," ó wá jókòó. "Obìnrin ni. Ìyá àti ọmọ wà láàyè."

Elétí-Ehoro bo ojú. Láti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀: ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ ẹ̀bá ọ̀nà, irọ́ tó pa nínú ọkọ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán. Kò sọ pé "Ṣé mo sọ fún yín?" Ó kàn ní, "Ọjọ́rú ni wọ́n ń yẹ etí wò. Mo ti béèrè láti ọdún tó kọjá."

Wọ́n lọ ní Ọjọ́rú. Wọ́n tì í mọ́ inú yàrá kékeré kan tó dákẹ́ bí inú àpótí, wọ́n fi nǹkan bo etí rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ní kó tẹ bọ́tìnnì nígbà tó bá gbọ́ ohùn. Ó pẹ́ láàárín títẹ̀ kan sí òmíràn, ẹ̀rù sì ń bà á nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ju bó ṣe bà á lábẹ́ ọkọ̀ lọ. Dókítà fi ìlà kan hàn án lórí ìwé, tó ń lọ ní gbọọrọ tó sì já sísàlẹ̀ bí ẹni tó já bọ́ lórí òkúta. Ó ní ariwo ọgbà ló jẹ ẹ́. Ó ní èyí tó lọ ti lọ, kò ní padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré wà tó lè ràn án lọ́wọ́, èyí tó kù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti dá sí. Kí ó máa dí etí nígbà tí wọ́n bá ń lu irin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó sọ ọ́ ní ọgbà. Ó dúró láàárín wọn, ó sọ ọ́ ní gbangba, àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Onítáyà ní òun ti ṣàkíyèsí rẹ̀ tipẹ́, òun kàn rò pé ìgbéraga ni kì í jẹ́ kó dá òun lóhùn. Ẹnì kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, kò sì padà wá. Ó dùn ún, kò purọ́. Àwọn yòókù dúró.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ tó sọ ọ́ yẹn, nígbà tí gbogbo èèyàn ti padà sídìí iṣẹ́, Kíákíá rìn wá síbi tó wà. Ó dúró, ó wẹ̀yìn, ó tún wo iwájú. Ó sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré.

"Sọ ọ́ sókè," ni Elétí-Ehoro wí. "Mi ò gbọ́."

Kíákíá fà mọ́ ọn. "Mo ní ibo ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò? Etí ọwọ́ ọ̀tún mi yìí… ó ti pẹ́ tó ti ń hó."

Elétí-Ehoro nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá ìwé kékeré jáde nínú àpò àyà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í júwe ọ̀nà fún un.